Jaguar E-Type mi ń hó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ: ṣé kí n pààrọ̀ rédíétọ̀ ni?

Ọmọ_Ìbarà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. E-Type ọdún 1966 ni ọkọ̀ mi, ẹ́ńjìnnì lítà 4.2. Tí mo bá gba ọ̀nà Ṣàgámù, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n tí mo bá há sí Panṣẹ́kẹ́, l'Abẹ́òkúta níbí, lọ́sàn-án, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Mẹkáníìkì kan ti yọ thermostat rẹ̀ (nǹkan kékeré tó ń ṣí ọ̀nà fún omi láti lọ sí rédíétọ̀ tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná) dànù, síbẹ̀ kò gbọ́. Wọ́n ní kí n ra rédíétọ̀ alumíníọ̀mù ńlá láti òkè òkun. Kí lẹ rí sí i?

Onírédíétọ̀_Láfẹ́nwá: Àbúrò, ẹ má tíì náwó yẹn o, ẹ jọ̀ọ́. Rédíétọ̀ tó dí, orí eré àti orí òkè ló ti máa ń dani láàmú, torí ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́ jù. Tiyín ń hó tó bá dúró. Atẹ́gùn ojú ọ̀nà ti lọ nìyẹn, fánù nìkan ló kù. Fánù ọkọ̀ yẹn kì í ṣe ti bẹ́líìtì, iná ló ń lò, swíìṣì ara táńkì omi kékeré ló sì ń tàn án tí omi bá gbóná. Ẹ so wáyà swíìṣì yẹn pọ̀. Tí fánù bá yí, swíìṣì ló kú.

Tí wọ́n bá ti pààrọ̀ fánù náà rí, ẹ mú bébà kan síwájú rédíétọ̀ nígbà tó bá ń yí. Ó yẹ kí bébà lẹ̀ mọ́ ọn. Tó bá tì í dànù, wọ́n gbé wáyà sódì nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ thermostat yẹn dùn mí gan-an. Lára ẹ́ńjìnnì XK, irú èyí tó wà nínú ọkọ̀ yín, ihò kan wà tí omi ń gbà padà sẹ́ńjìnnì láì dé rédíétọ̀ rárá. Tí thermostat bá ṣí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń dí ihò yẹn pa. Ẹ ti yọ ọ́, omi gbígbóná wá ń gba àbùjá. Èyí tó ní ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá, kì í ṣe èyíkéyìí tó bá ṣáà wọ ibẹ̀.

Ẹ̀gbá_Mọ́tò: Òótọ́ ni bàbá sọ. Ẹnu tí atẹ́gùn ń gbà wọlé níwájú ọkọ̀ yẹn kéré, fánù kan ṣoṣo ni wọ́n sì fi sí i. Nígbà tí Jaguar fi máa gbé Series 2, ìyẹn ẹ̀dà kejì E-Type, jáde ní 1968, wọ́n la ẹnu rẹ̀ fẹ̀ sí i, wọ́n sì sọ fánù di méjì.

Ọmọ_Ìbarà: Mo so wáyà pọ̀, fánù yí, bébà sì lẹ̀! Ẹ ṣeun, bàbá. Omi kànga ńkọ́, ṣé ó dáa?

Onírédíétọ̀_Láfẹ́nwá: Rárá o! Mo máa ń ṣí orí rédíétọ̀ bàbà níbí, kí n bá èérí funfun tó le bí ẹfun nínú àwọn ọ̀pá rẹ̀. Omi bátìrì (omi mímọ́ gaara, kì í ṣe ásíìdì o) ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ pò ó mọ́ coolant, ìyẹn oògùn tí wọ́n ń pò mọ́ omi rédíétọ̀, lọ́gbọọgba. Ẹ wo rọ́bà abẹ́ ọmọrí tí wọ́n fi ń dé ibi tẹ́ ẹ ti ń bu omi sí, torí tí kò bá mú dáadáa, omi á tètè hó. Ẹ má sì ṣí i nígbà tó bá gbóná.