Tawny àgbà láti ọ̀dọ̀ àwọn ilé kéékèèké ní Douro: ẹ wá sọ ìrírí yín

Ọmọ Ìjẹ̀bú Peckham:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ń ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń sọ nípa tawny, ìyẹn port (wáìnì líle àfonífojì odò Douro ní Pọ́túgà) tí wọ́n fi sínú àgbá onígi kó gbó, orúkọ ilé ọtí kan náà là ń pè ṣáá, Graham's, Taylor's, Sandeman, ó parí. Wọ́n dáa o, mi ò bú wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró sọ́dọ̀ wọn nìkan kò tíì rí nǹkan kan ní Douro, ẹ jẹ́ n ròyìn ohun tójú mi rí.

Nígbà tí èmi àtìyàwó mi lọ sí Porto, a kọ́kọ́ yí àwọn ilé ńláńlá tó wà ní Vila Nova de Gaia ká, ìyẹn lódìkejì odò, lẹ́yìn náà la wá wọ rélùwéè lọ sí Pinhão. Rélùwéè yẹn ń tọ etí odò lọ, òkè ni ọ̀tún, òkè ni òsì, wọ́n sì ti fi òkúta mọ ara òkè ní ìpele-ìpele, orí ẹ̀ ni wọ́n gbin àjàrà sí. Ibẹ̀ la ti gòkè lọ sí Quinta do Infantado, lábúlé kan tó ń jẹ́ Gontelho. Oko àjàrà àti ilé ọtí ẹlẹ́bí ni. Ṣé ẹ mọ̀ pé títí di 1986, àgbẹ̀ ò lè kó port láti oko ẹ̀ ránṣẹ́ sókè òkun fúnra ẹ̀, Gaia ló gbọ́dọ̀ gbà kọjá, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń ta ọtí wọn fáwọn oníṣòwò ńlá, àwọn ṣiṣẹ́ títí, orúkọ ẹlòmíì ló ń jáde lára ìgò. Ó dùn mí nígbà tí mo gbọ́ ọ. Infantado ò tiẹ̀ dúró de òfin tuntun, láti 1979 ni wọ́n ti ń di tiwọn sínú ìgò tí wọ́n ń tà á nínú Pọ́túgà níbẹ̀.

Ọtí wọn kì í dùn jù, ohun tí mo sì fẹ́ràn nìyẹn. Ẹni tó bá ń ṣe port, kí gbogbo ṣúgà inú omi àjàrà tó di ọtí tán, ó máa da ọtí líle kan sí i, 77% lọtí ọ̀hún, òun ló ń dá a dúró. Infantado máa ń mú sùúrù díẹ̀ sí i kí wọ́n tó dà á, torí ẹ̀ ni adùn ẹ̀ fi mọ níwọ̀n. Tawny ọdún 10 wọn, o mu gíláàsì kan, o tún fẹ́ mu òmíì, ọ̀fun ò ní kọ́ ọ.

Ibi tó wá gbà mí lọ́kàn jù lọ ni Quinta de Santa Eufémia, ní Parada do Bispo, láti 1894 ni ẹbí kan náà ti wà níbẹ̀. Wọ́n mú wa wọ ibi tí àwọn àgbá onígi wà, ilẹ̀ tútù, òórùn ẹ̀pà yíyan àti èèpo ọsàn ló gba gbogbo ibẹ̀. Ẹni tó mú wa wọlé fa ọtí láti inú àgbá kan, ó bu díẹ̀ síwa nínú gíláàsì, ó ní ká tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ká wo etí ẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀. Àárín ẹ̀ pọ́n bí oyin dúdú, ṣùgbọ́n etí ẹ̀, níbi tó ti fẹ́lẹ́ kan gíláàsì, àwọ̀ ewé ló ní, díẹ̀ báyìí. Ó ní tawny kì í ní àwọ̀ yẹn àfi tó bá ti pẹ́ gan-an nínú igi. Ìyàwó mi kì í mutí púpọ̀, òun ló kọ́kọ́ béèrè iye tí wọ́n ń tà á.

Ìyá Ìbejì Leeds:
Ẹ ṣeun gan-an bùọ̀dá mi. Èmi ra ìgò kan lọ́dọ̀ oníṣọ́ọ̀bù kan níbí, tawny ọdún 20, ilé kékeré tí mi ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí, mo ní kí n fi dán an wò nígbà Kérésìmesì. Ọtí náà ti rẹ̀ pátápátá, ó kàn ń dùn lásán, kò lóòórùn kankan. Ṣé bí tàwọn ilé kéékèèké ṣe máa ń rí nìyẹn ni?

Ọmọ Ìjẹ̀bú Peckham:
Rárá o, àǹtí mi, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn lé yín sá. Ẹ wo ẹ̀yìn ìgò, wọ́n máa ń kọ ọdún tí wọ́n dì í síbẹ̀. Tawny ti gbó tán nínú àgbá kó tó wọ ìgò, kò tún ní dáa sí i mọ́, tó bá sì ti pẹ́ jù lórí pẹpẹ oníṣọ́ọ̀bù, adùn òkè ẹ̀ á ti lọ. Ọjà àwọn ilé tí èèyàn ò mọ̀ kì í sì í yá, òun ló fà á. Ẹ ra èyí tí wọ́n dì láìpẹ́, kẹ́ ẹ sì fi í sí fíríìjì díẹ̀ kẹ́ ẹ tó bu ú. Tẹ́ ẹ bá ti ṣí i, ó ṣì lè wà dáadáa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Àbúrò Wọn ní Lisbon:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò wá sọ ti Colheita! Tawny ọdún kan ṣoṣo ni, wọn ò pò ó mọ́ ti ọdún míì, ó sì gbọ́dọ̀ lo ọdún 7 ó kéré tán nínú igi. Èyí tí wọ́n kọ 10, 20, 30 tàbí 40 sí lára, àpòpọ̀ ni, IVDP, àjọ tó ń bójú tó ọtí port ní Pọ́túgà, ló máa tọ́ ọ wò kí wọ́n tó gbà pé itọ́wò ẹ̀ bá ọjọ́ orí yẹn mu. Èmi o, Andresen ni mo máa ní kẹ́ ẹ wá. Wọ́n ti wà láti 1845, síbẹ̀ ẹ lè béèrè lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ onímutí níbí kí wọ́n ní àwọn ò gbọ́ ọ rí. Mo mu Colheita wọn kan lálẹ́ ọjọ́ ìbí ìyá mi, òórùn dàbínù àti èso ọ̀pọ̀tọ́ gbígbẹ, kíkan díẹ̀ wá ń gbé e lẹ́yìn, òun ni ò jẹ́ kó wúwo lẹ́nu. Poças náà ń bẹ, 1918, ẹlẹ́bí làwọn náà, owó wọn ò sì ga jù.

Ìyá Ìbejì Leeds:
Mo ti kọ Andresen àti Infantado sílẹ̀. Ta ló mọ ẹni tó ń ta Santa Eufémia ní apá àríwá ibí, kí n má bàa sanwó ọkọ̀ dé London?