Èsì: Ẹ má pè é ní “ẹ̀mí bátìrì” fún wa

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Mo ti ka gbogbo ohun tí a ti kọ láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé ní Leeds ti fi àtẹ ọ̀rọ̀ wọn ránṣẹ́, èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń dán kọ̀ǹpútà kékeré àfọwọ́mú wò, tí wọ́n sì ń ròyìn bó ṣe ń ṣiṣẹ́ sí. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì kí wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mẹ́ta wà níbẹ̀ tí n kò lè gbé mì: “ẹ̀rọ ayárabíàṣá àfọwọ́mú” (handheld computer), “àdánwò iṣẹ́-ṣíṣe” (performance test), àti “ẹ̀mí bátìrì” (battery life). Ẹ̀kẹta ló bí mi nínú jù, mo ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwọn tó ṣẹ̀dá “ayárabíàṣá” rí iyára, wọ́n sì fi iyára sọ ọ́ lórúkọ. Ó dùn lẹ́nu, n kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá di pé a fẹ́ wọn iyára ẹ̀rọ náà gan-an, kí la fẹ́ kọ? “Ẹ̀rọ ayárabíàṣá yìí ń falẹ̀”? Orúkọ ti dá ẹjọ́ kí ẹlẹ́rìí tó dé. Ẹ wo HP 200LX, kọ̀ǹpútà kékeré tó jáde lọ́dún 1994, tó ń wọ àpò ẹ̀wù. Iyára ṣíìpù rẹ̀, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ náà, kò pé 8 MHz, ìgbín ni lójú ti òde òní, kò sì sí iná lẹ́yìn ojú rẹ̀. Òkúta tọ́ọ̀ṣì méjì, irú AA tó wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù, ló ń gbé e rìn. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ kò fẹ́ràn rẹ̀ nítorí iyára, bí kò ṣe pé ó ń pẹ́ lọ́wọ́ kí òkúta rẹ̀ tó tán. Àṣá kankan kò sí níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni, ẹ jẹ́ ká pè é ní kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ náà ti di tiwa bí tábìlì ṣe di tiwa.

Ní ti “àdánwò”, ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Ìdánwò ni ti akẹ́kọ̀ọ́, àdánwò ni ti Jóòbù. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni, àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ló yàtọ̀, ìtumọ̀ sì ti gba ọ̀nà méjì lọ. Ẹni tó bá ka “àdánwò kọ̀ǹpútà” yóò rò pé kọ̀ǹpútà náà ń jìyà ni. Àbúrò wa kan tó ti dá ẹ̀gbọ́n lóhùn ṣáájú mi, tó fi “àyẹ̀wò” rọ́pò rẹ̀, sún mọ́ ọn díẹ̀, àmọ́ àyẹ̀wò ni ti dókítà àti ti ọlọ́pàá ojú ọ̀nà. Ẹ wo “wò” yẹn fúnra rẹ̀. Kì í ṣe wò ti ojú. A ń tọ́ ọbẹ̀ wò, a ń wọ bàtà wò, a ń gbé ẹrù wò bóyá agbára wa ká a. Ẹni tó ra ẹ̀rọ tó sì ń lò ó láti mọ bó ṣe rí, ó ń lò ó wò ni. Ìlòwò ni kí a pè é, torí pé “lò ó wò” ti wà ní ẹnu wa tẹ́lẹ̀.

Ó wá kan ẹ̀mí.

Ẹ̀gbọ́n kọ̀wé pé níwọ̀n ìgbà tí a ti ń sọ pé “bátìrì mi ti kú”, ó ní láti jẹ́ pé ó ní ẹ̀mí. Ìrònú yìí kò tọ́, ó sì yà mí lẹ́nu pé ọ̀dọ̀ wọn ló ti wá. Iná ń kú, ọjà ń kú, ọ̀bẹ tí kò mú mọ́, a ní ó kú. Ta ló sọ̀rọ̀ ẹ̀mí ọ̀bẹ rí? Nínú Yorùbá, kú kì í ṣe ti abẹ̀mí nìkan. Èdè mìíràn ló so bátìrì mọ́ ẹ̀mí, a sì ń gbé e wọlé láìbi í pé níbo ló ti ń bọ̀. Àwọn bàbá wa tí wọ́n ń gbọ́ ìròyìn nínú rédíò alókùúta kò sọ bẹ́ẹ̀. Bí ohùn rédíò bá ti ń lọ sílẹ̀, wọ́n á ní òkúta ti ń tán. Wọ́n á tú u jáde, wọ́n á sá a sí oòrùn lórí páànù, rédíò á sì tún sọ̀rọ̀ díẹ̀ kó tó dákẹ́ pátápátá. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń sọ: ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ń tán.

Ohun tó burú jù nínú “ẹ̀mí” ni pé ó da ọ̀rọ̀ méjì pọ̀. Èkínní ni wákàtí mélòó tí a ó fi lo ẹ̀rọ lẹ́yìn ṣájì kan. Èkejì ni ọdún mélòó tí bátìrì náà yóò fi wúlò kó tó di pé kò gba iná dáadáa mọ́.

Ẹ wo Steam Deck, kọ̀ǹpútà àfọwọ́mú fún eré orí kọ̀ǹpútà, tí ilé-iṣẹ́ Valve gbé jáde ní oṣù kejì ọdún 2022. Bátìrì rẹ̀ gba wáàtì-wákàtí 40, ìyẹn iná tó tó wáàtì 40 fún wákàtí kan. Valve fúnra wọn ní yóò tó wákàtí 2 sí 8. Báwo ni ẹ̀rọ kan ṣoṣo ṣe ń ní wákàtí méjì lónìí, mẹ́jọ lọ́la? Nítorí pé bátìrì dà bí àmù: bí omi inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó kò yí padà, igbá tí a fi ń bù ú ló ń yàtọ̀. Ṣíìpù inú ẹ̀rọ náà nìkan lè jẹ iná láti wáàtì 4 dé 15. Bí eré tó wúwo bá ń lọ, tí ojú ẹ̀rọ tàn rekete, tí gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ ń jẹ wáàtì 20, wákàtí méjì péré ni. Bí ó bá jẹ́ wáàtì 5 ló ń jẹ, wákàtí mẹ́jọ. Ẹni tó ni ín tiẹ̀ lè fúnra rẹ̀ dín wáàtì ṣíìpù náà kù, kí ó sì pẹ́ sí i. Irú ẹ̀mí wo ni èèyàn ń fà gùn, tó sì ń gé kúrú bẹ́ẹ̀ láàárín ìrọ̀lẹ́ kan?

Èkejì, ti ọdún, ló ń lọ láìpadà bọ̀. Apple sọ pé bátìrì iPhone 14 àti àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ni a ṣe kí ó lè ṣẹ́ ku ìdá 80 nínú 100 agbára rẹ̀ lẹ́yìn ṣájì kíkún 500. Ti iPhone 15, wọ́n ní ṣájì 1000. Àbúrò wa fẹ́ fi “àlòpẹ́” pe tàkọ́kọ́. Rárá o. Ẹni tó ra nǹkan tuntun là ń kí pé yóò lò ó pẹ́, a kò sì ní wákàtí mẹ́jọ lọ́kàn nígbà tí a bá ń ṣe àdúrà yẹn. Ti ọdún ni àlòpẹ́, ibẹ̀ ni kí ó wà.

Fún ti wákàtí, ẹ gbọ́ ohun tí àwọn tó ń tún fóònù ṣe ń sọ: “bátìrì yìí ò mú iná dúró mọ́.” Ìmúnádúró. Mo mọ̀ pé àbúrò yóò ní “mú iná” ni iṣẹ́ NEPA. Mú lọ yàtọ̀ sí mú dúró, “dúró” ló ti ilẹ̀kùn ọ̀rọ̀ náà. Bí ó bá sì sún mọ́ ìmúnádóko, àdúgbò rere ni.

“Iṣẹ́-ṣíṣe” náà ń fẹ́ àtúnṣe. Ohun méjì ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú: iyára àti ìforítì, ìyẹn bí ẹ̀rọ ṣe lè di iyára náà mú pẹ́ tó. Kí ṣíìpù tó lè sáré sí i, fóòltì rẹ̀, ìyẹn agbára tó ń ti iná wọ inú rẹ̀, sábà máa ń gòkè, iná tó ń jẹ sì ń pọ̀ ju iyára tí a rí gbà lọ fíìfíì. Bí a bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún iyára àti fóòltì, iná tó ń jẹ yóò lé ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Inú àpótí kékeré bẹ́ẹ̀, ooru kò rí ibi gbà jáde, ẹ̀rọ á sì dín eré ara rẹ̀ kù. Ẹni tó fi ìṣẹ́jú kan lò ó wò rí iyára nìkan. Ẹni tó lò ó wò fún wákàtí kan, ìforítì ló wọ̀n. Kí wọ́n kọ èyí tí wọ́n rí, kí wọ́n sì sọ bí ojú ẹ̀rọ ṣe mọ́lẹ̀ tó lásìkò náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òǹkà wọn kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ẹnìkan ní kí a má lo àfòmọ́ ì-, irú èyí tó bẹ̀rẹ̀ ìmúnádúró, nítorí pé ó ń fi ti Ọ̀yọ́ jẹ gàba lórí wa. Bí ará Èkìtì bá fẹ́ fi u- bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pe ilé ní ulé, kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò ní bàjẹ́. Àríyànjiyàn yẹn tó gba ìwé tirẹ̀, n kò ní wọ inú rẹ̀ lónìí.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ yọ “ẹ̀mí bátìrì” kúrò kí àtẹ yìí tó dé ọwọ́ àwọn olùkọ́. Bí ẹ bá ní èyí tó dára ju ìmúnádúró lọ, ẹ gbé e wá, ṣùgbọ́n kí àmì ohùn rẹ̀ pé, torí pé bátìrì, bátírì àti bátìrí ló wà nínú àtẹ kan ṣoṣo tí ẹ fi ránṣẹ́.