Kí ló dé tí gọ́ọ̀lù Yekini fi gbẹ lẹ́yìn 1994?

Ẹlẹ́sẹ̀Òsì:
Ẹ̀yin ará, ẹ dákun. Gọ́ọ̀lù 37 ni Rashidi Yekini gbá fún Super Eagles. 23 péré ni ti Segun Odegbami, atamátàsé wa àtijọ́. Àmọ́ lẹ́yìn Ife Àgbáyé 1994, ó dé Olympiacos ní Gíríìsì, ó dé Sporting Gijón ní Sípéènì, a ò gbọ́ ariwo mọ́. Ṣé ọjọ́ orí ni? Kí sì ló dé tí aráyé kò fi gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀?

Ìyá Ìbejì:
Ọjọ́ orí wà níbẹ̀. Oṣù Kẹwàá 1963 ni wọ́n bí i, ó ti ń lọ sí 31 nígbà tó dé Gíríìsì. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú atamátàsé tó jẹ́ ná. Kì í ṣe ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù láàárín pápá, kó wá máa yí èèyàn mẹ́ta po. Ó ga, ó lágbára, ó lè sáré: àyè tó wà lẹ́yìn àwọn olùgbèjà ló máa ń wá. Irú wọn nílò ẹni tí yóò ti gbá bọ́ọ̀lù síbẹ̀ kí wọ́n tó dé. Nínú Super Eagles, Finidi ń ṣe é fún un lápá ọ̀tún, Amuneke lápá òsì.

Ẹ tún gọ́ọ̀lù tó gbá sílé Bulgaria ní Ife Àgbáyé wò, Dallas, ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà 1994. Gbogbo wa la máa ń wo bó ṣe di àwọ̀n mú lẹ́yìn gọ́ọ̀lù náà. Ohun tó ṣáájú rẹ̀ ni kí ẹ wò: Finidi gbé e gba ọ̀tún, ó gbá a wọ iwájú ilé, fífi ẹsẹ̀ tì í wọlé ló kù fún Yekini.

ÌwéBọ́ọ̀lù:
Òótọ́ lẹ sọ, Ìyá Ìbejì, àmọ́ ẹ fo Setúbal, ẹgbẹ́ tó wà kó tó lọ sí Olympiacos. Gọ́ọ̀lù 34 tó gbá ní 1992/93, ìpele kejì ní Pọtogí ni. Ohun tó gbé ẹgbẹ́ náà gòkè nìyẹn. Nígbà tí wọ́n gòkè tán, ó gbá 21, òun ló sì pọ̀ jù ní líìgì. Àwọn tó ń wo 34 nìkan ń tan ara wọn jẹ. 21 yẹn ló wúwo.

Ọdún mẹ́rin ló lò níbẹ̀, wọ́n ti mọ ibi tó ń sá sí. Ní Olympiacos, àárín òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò gún. Atamátàsé tí wọn ò fún lọ́fà, kí ló fẹ́ ta? Lẹ́yìn ìyẹn, Gijón, Setúbal padà, Zürich, Tùnísíà, Saudi. Kò pẹ́ níbì kan títí wọn ó fi mọ̀ ọ́n.

Ẹlẹ́sẹ̀Òsì:
Ìpele kejì kẹ̀! Mi ò mọ̀. Ọdún yẹn náà ló gba oyè agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà?

ÌwéBọ́ọ̀lù:
1993 ni, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gbà á. Òun náà ló gbá gọ́ọ̀lù jù ní Ife Áfíríkà 1992 (4) àti 1994 (5).

Ọmọ Mọ̀kọ́lá:
Ní ti ìfẹ́ aráyé, ẹ má ka gbogbo rẹ̀ sí Dallas. Shooting Stars àti Abiola Babes, ẹgbẹ́ ilé wa níbí, ló ti gbá bọ́ọ̀lù kó tó kọjá sí Abidjan. Ojú ni àwọn ará ilé fi rí i, kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tó sì ti ń lọ sí 40, ó tún padà wá gbá líìgì ilé, Julius Berger, lẹ́yìn náà Gateway ní 2005.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìṣirò: àwọn kan kọ ọ́ pé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 58 ló gbá fún Super Eagles, àwọn mìíràn 62. Ẹ má jà sí i. Gọ́ọ̀lù 37 ni gbogbo wọn kọ.