Ọpọ́n igi tútù ń là bó ṣe ń gbẹ, kí ni kí n ṣe?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ igi, ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ìmọ̀ràn yín. Ẹ̀rọ lathe kékeré (ẹ̀rọ tó ń yí igi po kí a lè fi irin gbẹ́ ẹ) ni mo fi ń yí ọpọ́n nílé. Igi tútù, èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé tí omi ṣì wà nínú rẹ̀, ni mo fẹ́ràn jù, torí ó rọ̀ lábẹ́ irin, eruku rẹ̀ kò sì pọ̀. Àmọ́ bó bá ti ń gbẹ, etí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í là, pàápàá níbi tí a ti gé ìṣan igi (àwọn ìlà inú ara igi) ní ìbú.

Mo ti ń yọ àárín gbùngbùn igi kúrò. Mo ń fi ògiri ọpọ́n sílẹ̀ nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìbú rẹ̀ (èyí tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 25, ògiri 2.5), kí n lè tún un yí tó bá gbẹ tán. Inú àpò bébà ni mo ń tọ́jú ẹ̀ sí. Kó wọ́ díẹ̀ kò dùn mí, lílà yìí ló ń ká mi lára gan-an.

Ṣé gbogbo ara ọpọ́n ni kí n fi ìda kùn, àbí ibi tí ìṣan ti gé nìkan? Àwo pẹrẹsẹ ńkọ́, ṣé igi gbígbẹ nìkan ló yẹ ẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárúkọ igi tẹ́ ẹ lò, torí gbogbo igi kì í gbẹ bákan náà.