Ọ̀rá bisikíìtì tí kò dé: ẹ̀yin tó ń bójú tó ẹrù ilé iṣẹ́, ẹ sọ tiyín

Sharada, ní Kánò, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bisikíìtì là ń ṣe, èmi ni mo sì ń rí sí bí ìyẹ̀fun, ṣúgà, òróró àti ọ̀rá tí a fi ń dì í ṣe ń wọlé. Ọ̀tà ni ọ̀rá yẹn ti ń bọ̀.

Oṣù Kẹfà 2017, nínú Ààwẹ̀, omi wó afárá Tatabu láàárín Jẹ́bbà sí Mokwa. Tírélà wa há sọ́hùn-ún. Àárọ̀ ni dẹ́rẹ́bà ti pè mí, mo sì pa á mọ́ra, mo rò pé ọ̀nà á tètè là, mi ò sì fẹ́ kí ọ̀gá ìdí ẹ̀rọ gbaná jẹ. Lálẹ́, mo kọ ìméèlì kan. Ta ní ń ka ìméèlì nídìí ẹ̀rọ?

Nígbà tí mo fi máa débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ti po ìyẹ̀fun. Ọ̀rá tó kẹ́yìn ti tán. Bisikíìtì ń jáde nínú ààrò, àwọn ọmọ ń fi abọ́ gbà á, èyí tó ṣì wà nínú ẹ̀rọ ìpòyẹ̀fun ti ń le. Málàmù tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀ fi Hausa sọ fún mi jẹ́ẹ́jẹ́ pé, “Ọ̀gá, ká ní o sọ ọ́ lánàá ni, inú àpò ni ìyẹ̀fun yìí ì bá ṣì wà.” Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ìwé ìkìlọ̀ tí wọ́n fún mi lọ.

Láti ìgbà náà, kí ẹ̀rọ tó dún, èmi, Málàmù, ọ̀gá ẹ̀rọ àti ẹni tó ń tajà máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà sítọ́ọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí ló wà? Kí ni kò ní dé? Mo sì kọ́ Hausa àwọn dẹ́rẹ́bà. “Na kusa” ni wọ́n máa ń wí, pé àwọn ti sún mọ́ tòsí; ó lè jẹ́ Zaria tó sún mọ́ Kánò, ó sì lè jẹ́ Tegina tó ṣì jìnnà réré. Ohun tí wọ́n ń rí lọ́wọ́ ọ̀tún ni mo ń béèrè báyìí.

*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Idu, l'Ábújá, lèmi wà, omi inú ike là ń ṣe. Ẹni tó ń tajà fún wa ṣèlérí páálì 300 fún ìgbéyàwó kan láìbi mí, ìdérí ike kò sì tó. Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo gbọ́, ìgbéyàwó di ọ̀la. Mi ò pariwo. Mo mú ìwé sítọ́ọ̀, mo jókòó tì í, a jọ ka ìdérí. Òun fúnra rẹ̀ ló pe oníbàárà náà, tó bẹ̀ ẹ́ pé 180 la máa rí gbé wá. Ní báyìí, kó tó gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, á kọ́kọ́ pè mí: “Àǹtí, mélòó la ní?”