Àrokò ni signal, kì í ṣe àṣẹ

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Àbá tó wà nílẹ̀ fún títúmọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà sí Yorùbá ni pé kí mutex àti semaphore, ohun méjì tó ń ṣọ́ ẹni tó lè wọ ibì kan nínú purogírámù, jọ máa jẹ́ àgádágodo, kí signal, ìròyìn kékeré tí a ń fi ránṣẹ́ sí purogírámù, sì máa jẹ́ àṣẹ. Mo fara mọ́ ti mutex nìkan. Nínú kernel Linux, ìyẹn ọkàn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, fọ́nrán (thread, ẹ̀ka iṣẹ́ kan tó ń lọ lọ́wọ́) tó bá ti mutex pa nìkan ló gbọ́dọ̀ ṣí i. Semaphore kò rí bẹ́ẹ̀: iye ló ń kà. Bí iye náà bá jẹ́ 5, fọ́nrán márùn-ún lè wọlé, ìkẹfà á dúró. Fọ́nrán tí kò tilẹ̀ wọlé rárá sì lè fi kún iye náà. Òǹkà-àyè ni kí a pè é. Dijkstra, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Netherlands tó gbé e kalẹ̀, pàápàá ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun, prolaag, ní èdè Dutch fún dídín iye náà kù.

Ọ̀rọ̀ signal gan-an ló ká mi lára. Nọ́ńbà lásán ni kernel fi ń ránṣẹ́. Purogírámù tó gbà á ló mọ ohun tí yóò fi ṣe. Ó lè dáhùn nọ́ńbà 2, tí Ctrl-C máa ń fà, ó sì lè kọtí ikún sí i. Ta ló ń kọtí ikún sí àṣẹ? Àrokò nìyẹn. Nọ́ńbà 15, tó ń sọ fún purogírámù pé kó parí, dà bí igbá òfìfo tí Ọ̀yọ́ Mèsì máa ń fi ránṣẹ́ sí Aláàfin láyé àtijọ́: ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ló máa palẹ̀ ara rẹ̀ mọ́, tí yóò sì fọwọ́ ara rẹ̀ lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ níṣẹ́ ní Bódìjà bi mí pé, “Sà, ṣé àrokò ni 9 náà?” Ìbéèrè gidi ni. Purogírámù kò lè gba 9 mú, kò lè kọ̀ ọ́. Kernel fúnra rẹ̀ ló ń pa á. Síbẹ̀, a ò gbọdọ̀ torí 9 àti èyí tó ń dá purogírámù dúró sọ gbogbo ìyókù di àṣẹ.

9 pàápàá máa ń dúró. Bí fọ́nrán bá sun oorun àìṣeéjí nínú kernel, tó ń retí dísìkì, àrokò á wà lẹ́nu ọ̀nà títí yóò fi jí. Ìyẹn ni wọ́n ṣe fi oorun mìíràn kún Linux 2.6.25 lọ́dún 2008, èyí tó jẹ́ pé, nínú gbogbo signal, èyí tó ń pani nìkan ló lè jí ẹni tó ń sùn ún. Oorun àjíkú ni mo fẹ́ kí a pè é. Ẹni tó bá ní èyí tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó mú un wá.