Disney, ìyá ọkọ mi àti ọmọ mẹ́ta: ọkọ mi ní ọjọ́ méjì ti tó. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o

Ìyá Fọlá (Gwarinpa)

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Adimínì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ọ̀rọ̀ yìí kúrò. Inú ló ń bí mi, mi ò sì lè bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, torí gbogbo wọn ló mọ ọkọ mi sí ẹni jẹ́jẹ́.

Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣèlérí Amẹ́ríkà fún wa. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, físà ti wà lọ́wọ́, a ti sanwó ọkọ̀ òfurufú, oṣù kẹjọ là ń lọ. Disney, ọgbà ìṣeré ńlá wọn yẹn, làwọn ọmọ ń pè tọ̀sán tòru. Èmi náà wá jókòó ti fóònù mi, mo ka gbogbo ohun tó wà nípa ibẹ̀. Páàkì ńlá mẹ́rin! Ilẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó éékà 25,000. Wọ́n ní bọ́ọ̀sì, wọ́n ní ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ní èyí tó ń rìn lórí wáyà lókè. Mo ní kí a lo ọ̀sẹ̀ kan, kí a sì sùn sí òtẹ́ẹ̀lì tó wà nínú ọgbà wọn, kí bọ́ọ̀sì wọn lè máa gbé wa kiri.

Ọkọ mi ní rárá. Ó ní ọjọ́ méjì ti tó. Ó ní ibẹ̀ ò tóbi tó bí mo ṣe ń pariwo ẹ̀, pé ẹsẹ̀ la máa fi rìn láti páàkì kan bọ́ sí èkejì. Ẹsẹ̀! Nínú éékà 25,000! Ó ti lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì láìbi mí, kò sì ra ti àbíkẹ́yìn mi mọ́ ọn. Ṣé ẹnu géètì ni kí n fi ọmọ mi sí?

Ìyá ọkọ mi náà ń bọ̀ láti Ìlọrin wá bá wa lọ. Orúnkún ń dun Màmá, wọn kì í lè rìn jìnnà. Mi ò ní kí wọ́n má lọ o. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wá kẹ́yìn, níwájú àlejò ni wọ́n ti sọ pé ẹ̀fọ́ rírò mi ń sàn bí odò. Mo gbé e mì. Ta ló wá máa ti wọn kiri nínú oòrùn? Èmi náà ni.

Ẹ gbà mí. Báwo la ṣe máa rìn ká ibẹ̀ tí ìjà ò ní bẹ́ sílẹ̀?

Ìyá Ìbejì (Kubwa)

Ẹ kú ìnáwó o. Ọmọ ọdún mélòó làwọn ọmọ? Ìlú wo lẹ máa dé sí, ta ló sì máa wa mọ́tò? Ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ sílẹ̀ ná, ẹ sọ ìyẹn fún wa.

Bàbá Tóbi (Lugbe)

Pẹ̀lú bí dọ́là ṣe rí yìí? Magicland, ọgbà ìṣeré tiwa, wà ní Abuja níbí nítòsí City Gate. Ẹ kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ra súyà nígbà tí ẹ bá ń bọ̀, ó parí. Ọmọ tí kò tíì mọ Olúmọ, Disney ló fẹ́ mọ̀.

Àǹtí Bísí (Jabi)

Bàbá Tóbi, ṣé owó yín ni wọ́n fẹ́ ná? Ẹni tó bèèrè ọ̀nà Kaduna, ẹ ń júwe ọ̀nà Lokoja fún un.

Ìyá Fọlá, ẹ ra bàtà tó rọ̀ fún gbogbo yín, kí ẹ sì ti máa wọ̀ ọ́ nílé báyìí. Bàtà tuntun níbẹ̀, ẹkún ni. Ẹ tún lè gbé oúnjẹ wọlé, wọn kì í dí èèyàn lọ́wọ́. Ohun tí wọn ò fẹ́ ni ìgò àti ọtí. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ yín, ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní omi oníyìnyín nínú ife. Ọ̀fẹ́ ni. Èmi ò mọ̀ ọ́n, omi ike ni mo ń rà, wọ́n fi omi ike gba owó lọ́wọ́ mi.

Ọmọ Ọ̀fà (Kano)

Èmi àti ìyàwó mi lọ ní 2023. Páàkì mẹ́rin ni lóòótọ́: Magic Kingdom, EPCOT, Hollywood Studios àti Animal Kingdom. Bí ẹ bá gbé mọ́tò lọ sí Magic Kingdom, ibi tí ẹ máa páàkì sí jìnnà sí géètì. Ẹ máa tún wọ mónórélì, ìyẹn ọkọ̀ ojú irin tó ń rìn lórí irin kan ṣoṣo, tàbí ọkọ̀ ojú omi sọdá adágún kí ẹ tó débẹ̀. Ọkọ̀ orí wáyà yẹn, Skyliner ni wọ́n ń pè é, àwọn òtẹ́ẹ̀lì kan ló ti máa ń gbé èèyàn lọ sí EPCOT àti Hollywood Studios. Animal Kingdom, mọ́tò tàbí bọ́ọ̀sì nìkan ló ń débẹ̀. Láàárọ̀, ó tó wákàtí kan kí a tó kúrò ní òtẹ́ẹ̀lì dé inú páàkì. Òjò ọ̀sán oṣù kẹjọ sì tún wà níbẹ̀ tó ń dé láìkìlọ̀.

Ọjọ́ méjì pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta àti àgbàlagbà? Ọkọ yín ń ṣeré ni.

Ìyá Fọlá

Ọmọ Ọ̀fà, Ọlọ́run á bù kún yín! Mo ti ya ọ̀rọ̀ yín yìí, mo ti fi ránṣẹ́ sí i ní ibi iṣẹ́. Ẹ wò ó, èèyàn tó ti débẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀.

Ìyá Ìbejì, Fọlá ti pé ọdún 11. Èkejì jẹ́ 5, àbíkẹ́yìn á pé 3 nínú oṣù kẹwàá. Ẹ sì má fojú kéré ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ yẹn, ẹ̀yin kọ́ ni wọ́n sọ ọ́ sí.

Alhaja Àṣàkẹ́ (Kaduna)

Orúnkún Màmá yẹn, oore ni o. Ẹ gba wheelchair fún wọn, wọ́n á ní kí gbogbo yín kọjá síwájú, ẹ ò ní tò rárá. Ẹ̀gbọ́n mi ṣe é bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Jos

Alhaja, ẹ má bínú, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wà nínú wheelchair ń tò pẹ̀lú àwọn yòókù ni, torí ọ̀pọ̀ nínú ọ̀nà ìlà wọn ló fẹ̀ tó láti gbà á. Níbi tí kò bá ti gbà á, wọ́n á dá àsìkò tí ẹ máa padà wá fún yín, iye tí àwọn tó wà lórí ìlà ń dúró náà lẹ máa dúró. Àǹfààní tó wà fún ẹni tí kò lè dúró lórí ìlà, láti 2024 ni wọ́n ti fi mọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ní irú nǹkan bí autism, ìyẹn ìyàtọ̀ nínú bí ọpọlọ ọmọ ṣe ń dàgbà. Orúnkún ò sí nínú rẹ̀. Bóyá pápákọ̀ òfurufú ni ẹ̀gbọ́n yín ń sọ, ìyẹn ni wọ́n ti máa ń gbé arúgbó síwájú.

Alhaja Àṣàkẹ́

Ṣé ẹ̀yin ti débẹ̀ rí ni?

Nọ́ọ̀sì Jos

Ọmọ mi ló ní autism, Alhaja. Èmi ni mo jókòó síwájú ìpè fídíò tí mo ń dáhùn ìbéèrè àwọn Disney.

Alhaja Àṣàkẹ́

Háà. Ẹ forí jì mí. Ọlọ́run á wò ó fún wa.

Bàbá Dára (Gwagwalada)

Ẹ wọn gíga ọmọ ọdún márùn-ún yẹn nílé kí ẹ tó lọ o. A kó àwọn ọmọ lọ sí Ferrari World ní Abu Dhabi, Dára ti ń fò sókè láti ọkọ̀ òfurufú. A dé ìdí èyí tó fẹ́ gùn, ọkùnrin kan gbé ọ̀pá ìwọ̀n jáde, ó gbé e tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, orí ọmọ ò kan àmì. Ìyá ẹ̀ ní kó gbé gìgísẹ̀ sókè díẹ̀. Ọkùnrin yẹn tẹ̀ ẹ́ lórí wẹ́rẹ́, ó ní kò ṣeé ṣe. Títí a fi padà sí òtẹ́ẹ̀lì ni Dára ń sunkún, ó ní èmi ni mo jẹ́ kí òun kúrú.

Ọmọ Ọ̀fà

Òótọ́ lẹ sọ. Space Mountain, ọkọ̀ eré tó ń sáré nínú òkùnkùn, 44 íńṣì ni wọ́n ń bèèrè.

Ìyá Fọlá

Mo ti wọ̀n ọ́n tì lára ògiri kíṣìnnì báyìí. 42 íńṣì ni! Orúkọ Space Mountain yìí gan-an ló sì ń pè látàárọ̀. Ẹ ò rí i pé ọkọ mi ò ṣe ìwádìí kankan?

Ìyá Tèmi (Nyanya)

Ẹ ra bàtà tó rọ̀ o. Òun ni olórí.

Ìyá Ìbejì

Ìyá Fọlá, mo tún bèèrè lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìlú wo lẹ máa dé sí?

Ìyá Fọlá

Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn gan-an ló tún ń dùn mí. Kì í ṣe òtẹ́ẹ̀lì kankan. Ilé àbúrò ọkọ mi la máa dé sí, ìyàwó rẹ̀ sì nìyẹn, ẹ̀rín rẹ̀ kì í dé ojú. Bọ̀dá ní mọ́tò ńlá, wọ́n ní àwọn á gbé wa lọ gbé wa bọ̀, pé bí gòsílóò ò bá sí, kò ní pé wákàtí kan. Los Angeles ni.

Ìyá Ìbejì

LOS ANGELES?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú tíkẹ́ẹ̀tì Disney tí ọkọ yín rà jáde. Ẹ ka ohun tó wà lórí ẹ̀ fún mi.

Ìyá Fọlá

"Disneyland Resort." "2-Day." "Park Hopper." Wọ́n tún kọ Anaheim sí i. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ẹ má já mi láyà o.

Ọmọ Ọ̀fà

Yéè! Ẹ pa gbogbo ohun tí mo kọ tì. Walt Disney World tó wà ní Florida lèmi ń sọ látàárọ̀. Tiyín wà ní California. Wákàtí bíi márùn-ún ni ọkọ̀ òfurufú máa fi gbé èèyàn láti ọ̀kan dé èkejì. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti fi orúkọ mi ránṣẹ́ sí Bàbá Fọlá ni?

Bàbá Tóbi

Mo kúkú ní kí ẹ lọ sí Magicland.

Ìyá Ìbejì

Ìyá Fọlá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ibẹ̀ làwa lọ ní 2024. Disneyland ti California ni Walt Disney kọ́kọ́ ṣí, oṣù keje ọdún 1955. Ti Florida di 1971 kó tó ṣí. Páàkì méjì péré ló wà ní tiyín: Disneyland fúnra rẹ̀ àti California Adventure tí wọ́n ṣí ní 2001. Géètì àwọn méjèèjì kọjú síra wọn. Bí ẹ bá jáde nínú ọ̀kan, ẹ kàn máa fẹsẹ̀ sọdá ni, kò tó kí ẹ kọ́kọ́ jókòó sinmi. Park Hopper tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì yẹn, òun ló jẹ́ kí ẹ lè wọ méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Ọjọ́ méjì tó. Ẹsẹ̀ tí ọkọ yín sọ, ẹsẹ̀ náà ni.

Ọmọ tí kò tíì pé 3 kì í ra tíkẹ́ẹ̀tì. Oṣù kẹjọ lẹ ń lọ, oṣù kẹwàá ló máa pé 3, ọ̀fẹ́ ni yóò wọlé. Ìdí nìyẹn tí kò fi ra tiẹ̀. Ṣùgbọ́n Fọlá ti di àgbà lójú wọn, láti ọdún 10 ni wọ́n ti ń gba owó àgbà. Ẹ wò ó bóyá irú ẹ̀ ni ó rà fún un.

Ti èkejì, ẹ sọ fún un kó múra. Space Mountain ti California, 40 íńṣì ni wọ́n ń bèèrè. Matterhorn, ọkọ̀ eré orí òkè tí kò sí ní Florida rárá, 42 ni. Á gun méjèèjì, bí ẹ ò bá ti irun mọ́ ìwọ̀n.

Màmá ń kọ́? Lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n ti ń yá èèyàn ní wheelchair àti kẹ̀kẹ́ ọmọ. Nínú Disneyland, ọkọ̀ ojú irin kan wà tó ń yí páàkì ká, ibùdó mẹ́rin ló ti ń dúró. Ìyá tèmi jókòó sínú ẹ̀, wọ́n ń juwọ́ sí àwọn òyìnbó bí ẹni pé àwọn ni wọ́n ń ṣe ọjọ́ ìbí fún. Wọ́n tún fẹ́ràn "it's a small world", ọkọ̀ ojú omi jẹ́jẹ́ ni, kò sí ìjayà. Ní ti àwọn èyí tó ń já èèyàn láyà, ẹ bèèrè Rider Switch: bàbá á kó àwọn tó tóbi gùn ún, ẹ̀yin á dúró ti àbíkẹ́yìn, bó bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀yin náà á lọ gùn ún láìtún tò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àǹtí Bísí

Ìyá Fọlá, ṣé ẹ ti rí i báyìí pé ẹni jẹ́jẹ́ ni lóòótọ́?

Ìyá Fọlá

Ẹ má bá mi sọ ìyẹn, Àǹtí Bísí. Disney ni ó sọ fún mi, Disney ni mo wá lórí fóònù, Disney náà ni mo rí. Kí ló dé tí kò lè la ẹnu kó ní California ni? Mo fi ọ̀rọ̀ Ọmọ Ọ̀fà ránṣẹ́ sí i, ẹ̀rín ló fi dáhùn, ẹ̀rín mẹ́ta pọ̀. Ọkùnrin tó mọ̀ tí kò sọ, ṣé ìyẹn náà dáa?

Ta ló wá máa ti Màmá? Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn lórí ìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Jos

Ẹ jẹ́ kí ọmọ wọn tì wọ́n. Ẹ̀yin ẹ mú kẹ̀kẹ́ ọmọ. Màmá ò ní sọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ sí ọmọ tí wọ́n bí.

Ìyá Ìbejì

Ó ku ohun kan. Nígbà tí àwa lọ, tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ò tó. A gbọ́dọ̀ tún mú ọjọ́ tí a ń bọ̀ àti páàkì tí a máa kọ́kọ́ wọ̀ lórí áàpù wọn, bí ọjọ́ bá sì ti kún, ó ti kún nìyẹn. Oṣù kẹjọ, ọ̀pọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà ló ṣì wà ní ìsinmi. Ṣé Bàbá Fọlá ti ṣe ìyẹn?

Ìyá Fọlá

Ẹ dúró, mo ń pè é.

Ìyá Fọlá

Kò ṣe é! Ó ní, "Ọjọ́ wo tún ni ọjọ́, ṣé mi ò ti sanwó ni?" Ẹ̀rín ti tán lẹ́nu ẹ̀. Ó ní kí n fi ohun tí ẹ kọ ránṣẹ́ sí òun kíákíá. Mo ní ó dìgbà tó bá délé.

Ìyá Ìbejì

Ẹ fi ránṣẹ́ sí i, ẹ jọ̀ọ́. Ọjọ́ ń kún o.